Mùdù Ara Ògiri

Mítà gáàsì wa ti wà ká tó kó dé Gwarinpa.
Ó rọ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn ilé ìdáná,
etí rẹ̀ ti dógùn-ún, eruku ọyẹ́ bo ojú rẹ̀
bí awò arúgbó tí kò rí ọmọ bá a nù ún.
Mo fi ìka nù ún. Àwọn nọ́ńbà ń yí
jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun ọ̀sán.

Oṣù mẹ́ta léra, owó gáàsì wa ń kéré sí i.
Àwọn ará àdúgbò ń pariwo pé tiwọn ń ga,
ìyá Ṣéyẹ ní tòun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé-ìwé.
Èmi ń sanwó, mo ń ká bébà náà,
mo ń kó o sábẹ́ Bíbélì, n ò sọ fẹ́nì kan.

Shekwolo wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé,
ọmọ Gbagyi tí bàbá rẹ̀ gbin iṣu rí
níbi tí a ń gbé mọ́tò sí lónìí.
Ó fetí lé e bíi dókítà tó ń gbọ́ àyà.
"Ẹ jẹ́ n tú u, kí n gbé e lọ fún àyẹ̀wò ní Idu.
Ọ̀sẹ̀ méjì, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà,
tó bá sì ti bàjẹ́, ẹ ó tún ra òmíràn lé e.
Àbí kẹ́ ẹ kúkú ra tuntun, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún,
kọ́kàn yín balẹ̀."
Ó dákẹ́. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀:
"Àbí kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀, Mà.
Ẹni tójò ń kún àgbá rẹ̀ kì í bi òjò ní ìbéèrè."

Oyèkànmí ọkọ mi, tó fi ọgbọ̀n ọdún
ṣírò owó ìjọba tí kọ́bọ̀ kan ò lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́,
òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín:
"Owó ìfẹ̀yìntì oṣù mọ́kànlá ni wọ́n jẹ mí.
Jẹ́ kí mítà máa bá mi gbà á díẹ̀díẹ̀."
Mo ní, "Oníléeṣẹ́ gáàsì kọ́ nìjọba."
Ó ní, "Wọ́n jọ ń gbé Abuja ni."

Mo rántí ọjà Dutse.
Mo dojú mùdù Lantana dé níṣojú gbogbo ọjà,
mo fi ìkúùkù gbá ìdí rẹ̀ tí wọ́n lù wọnú:
"Ẹ wá wo ibi tí ìrẹsì wa ń wọlẹ̀ sí!"
Obìnrin náà fi etí ìborùn nu ẹnu.
"Bí mo ṣe rà á nìyẹn, Hajiya. N ò lù ú."

Mùdù tèmi náà rèé.
Èmi náà ò lù ú.

Mo ní kí Shekwolo tú u.
Ó dí ẹnu páìpù méjèèjì pa
bí òwú tí wọ́n ń fi sí imú òkú.
Èédú la fi ń dáná, èéfín ń wá ojú kiri,
Oyèkànmí ń húkọ́ ju bó ṣe yẹ lọ kí n lè gbọ́.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, ó gbé e dé pẹ̀lú ìwé tó lóòǹtẹ̀.
"Kò sóhun tó ṣe é, Mà. Ó ń kà á pé."

Mo jókòó lórí àpótí Màámi.
Oṣù Kẹsàn-án la sin wọ́n,
àwọn tó ń kaná omi ìwẹ̀ láago márùn-ún ìdájí,
tó ń se ẹ̀wà títí ẹ̀wà yóò fi bẹ̀bẹ̀.
Oṣù kan náà ni Oyèbísí wọ Zaria lọ.
Ìkòkò ńlá ti wà lórí àjà láti ìgbà náà,
aláǹtakùn ti fi ẹnu rẹ̀ ṣe ìlẹ̀kùn.
Mítà ń kà á.
Èmi ni n ò kà á.

Shekwolo dè é padà, ó ní kí n tanná ká wò ó.
Mo bu omi kún kẹ́tù Màámi dé etí,
mo gbé e ka iná, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í yí.
Oyèkànmí yọjú lẹ́nu ọ̀nà:
"Omi ta nìyẹn?"