Ẹsẹ̀ Àpótí

Méjìdínlọ́gọ́jọ ni wọ́n ní kó jẹ́.
Múníbátù kà á fún mi lórí fóònù rẹ̀,
ó tún un kà, bí ẹni ń ka ìlò oògùn fún arúgbó:
gígùn, ìbú, àti ìnípọn,
ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀.

Mo ní, ìṣirò wo nìyẹn?
Ogójì ọdún ni mo fi ń kan ọkọ̀ létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́,
mi ò rí ẹni tó ro gígùn mọ́ ìbú rí.
Gígùn ní iṣẹ́ tirẹ̀, ìbú ní tirẹ̀.
Ọkọ̀ tó bá gùn jù kò ní lè yí láàárín òṣíbàtà,
èyí tó bá fẹ̀ jù, omi á máa bá a jà.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ sáà wọ̀n ọ́n."

Mo na téèpù.
Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Àádọ́ta. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.
Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sára pákó:
ọgọ́jọ gbáko.
Bẹ́ẹ̀ orúkọ ohun tí wọ́n ń béèrè
ti ń sọ ọ́ sí wa létí láti àárọ̀
pé méjì gbọ́dọ̀ dín.

Ti kílò, a ti yanjú ẹ̀ lánàá.
A gbé e lọ sọ́dọ̀ Ìyá Kífáyátù, ẹlẹ́ja yìnyín Òkè-Balógun,
a gbé e lé òṣùwọ̀n tó ń rùn bí ẹja,
ó lé ní mẹ́ta.
Ìyá rẹ̀ yọ gààrí díẹ̀, ó yọ odó kékeré,
ó fọwọ́ kan àrọ̀ yíyan, ó mú ọwọ́ kúrò,
ó tún padà, ó yọ ọ́, ojú rẹ̀ ò sí lára wa.
Kílò ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀.
Sẹ̀ǹtímítà ò gbẹ̀bẹ̀.

Tòkúnbọ̀ sì ni àpótí ọ̀hún!
Òkè òkun ló ti wá.
Ta ló wọ̀n ọ́n nígbà tó ń bọ̀?

Lóru, nígbà tí wọ́n mú iná lọ,
mo dojú rẹ̀ délẹ̀ bí ọkọ̀ tó ń jò,
mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i nídìí.
Táyà mẹ́rin, dúdú, kéékèèké,
ìṣó wọn ti dípẹtà.
Mo ta epo sí wọn, mo fi súkúrúdíráfà tú wọn
lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́,
kí ọmọ tó ń sùn má baà gbọ́.
Mo tún un wọ̀n: márùndínlọ́gọ́jọ.
Ìyá rẹ̀ ò tíì sùn. Ó ní látinú òkùnkùn,
"Mẹ́ta tó ṣẹ́kù yẹn, ṣé ẹja lè gba ibẹ̀?"

Ìdájí, Múníbátù fa àpótí, àpótí ò lọ.
Ó wo ìdí ẹ̀. Ó wò mí.
Kò sọ nǹkan kan.
Ó wá òṣùká, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e karí
bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án
tó ń ru èérún pákó mi lọ fún àwọn tó ń yan ẹja,
ó sì rìn dé ìdí mọ́tò, ọrùn rẹ̀ ò yẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ló pè láti pápákọ̀ òfurufú.
Ó ní ẹnì kankan ò fa téèpù yọ.
Wọ́n wo kílò, wọ́n so ìwé mọ́ ọn lọ́rùn
bí àgbò iléyá, ó gba ojú ihò kan wọlé lọ.
Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín,
mo ní kó kí àwọn ará Kánádà.

Wọ́n wà nínú agolo ìṣó mi báyìí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
Ọmọ Sálísù ti tọrọ wọn ẹ̀ẹ̀mejì, ó fẹ́ fi ṣe mọ́tò.
Mo ní kó lọ wá ìdérí ìgò.
Wọ́n ṣì ń yí dáadáa.
Bí iṣẹ́ bá dá, mo máa ń fìka ta ọ̀kan
wò ó títí tó fi dúró.