Ọkọ̀ Ìjókòó Méjì

Ní ẹsẹ̀ òkè, níbi tí wọ́n ti sé odò mọ́ àárín àpáta,
kí ọkọ̀ tó kan omi, yóò kọ́kọ́ kan ọwọ́ Teodóro.
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, fìlà rẹ̀ ti ṣá lóòrùn,
ó mú tọ́ọ̀ṣì dání lọ́sàn-án gangan,
ó ń wá ìṣáwùrú àjèjì tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ,
èyí tó lè wọ adágún lónìí, kó di ẹgbàágbèje lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀.

Ìlà gùn dé ìdí igi páìnì.
Ẹnìkan ń yan sọ́séèjì lẹ́yìn mọ́tò,
àwọn ọmọdé ti bọ́ bàtà kó tó yẹ.
Ó wá kan Wilimínà, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.

"Ìyá, ọkọ̀ ta ni?"
"Ọkọ̀ ọkọ mi."

Ní èdè tiwọn, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára tan.
Èdè tèmi ni ohùn kan péré ti là wọ́n láàárín:
rẹ ohùn sílẹ̀, ó di pákó tó ń léfòó;
gbé e dúró, ọkùnrin kan dìde, ó ń wá fìlà rẹ̀.

"Ìgbà wo ló wọ omi gbẹ̀yìn?"
"Oṣù kẹsàn-án, ó di ọdún mẹ́ta.
Èmi níwájú, Hálífọ̀ lẹ́yìn.
Ó ní mò ń fi àjẹ̀ da omi sí òun lára.
Mi ò mọ̀ọ́mọ̀.
Ó dáa, mo mọ̀ọ́mọ̀."

Ìwé Teodóro kò láyè fún irú ìdáhùn yẹn:
ọjọ́, oṣù, ọdún, ó tán.
Ó kúnlẹ̀, ó tan iná sábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn,
ó ki ọwọ́ bọ kọ̀rọ̀, ó fa èèpo ẹ̀pà mẹ́ta jáde,
gbígbẹ, fífẹ́lẹ́, bí ìyẹ́ kòkòrò.
Òfin ò gbà kí ohunkóhun kù nínú ọkọ̀.
Ó kó wọn lé ìyá lọ́wọ́.
"Ó mọ́. Ó gbẹ. Ẹ máa lọ sómi."

Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń darí ọkọ̀; ẹ̀yìn ló jókòó sí.
Imú ọkọ̀ gbé sókè bí ajá tó gbọ́ òórùn ẹran,
afẹ́fẹ́ òkè ń yí i kiri.
Àwọn tó wà lórí ìlà ti ń fọn fèrè mọ́tò.
Ni Teodóro bá fi tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀,
ó gbé òkúta pupa kan jókòó síwájú,
ó tilẹ̀ fẹ́ wọ ẹ̀wù agbéniléfòó fún un.
Ìyá bú sẹ́rìn-ín.

Ó wà á kọjá àwọn apẹja, kọjá àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́,
títí ariwo èbúté fi di ti yànmùyánmú.
Nígbà tó ku òun àti òjìji òkè lórí omi,
ó gbé àjẹ̀, omi ta sí òkúta lára.
Ó mọ̀ọ́mọ̀.