Ṣé Ọkọ̀ Ń Lọ Lónìí?

Oṣù Kọkànlá ni mo ti Tartu dé Hiiumaa,
erékùṣù tí òkun sán mọ́ra bí ìgbànú,
kọ̀ǹpútà lábẹ́ abíyá, ìgbéraga lórí bí fìlà.
Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ló pè mí
kí n tún ìkànnì wọn ṣe.

Mo tún un ṣe. Ó dán.
Fídíò ìgbì òkun ń ru lójú ewé àkọ́kọ́,
lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́, aláwọ̀ eérú, lórí funfun,
àkọlé ń yọ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́ bí olè,
àti ìkíni láti ẹnu ọ̀gá, Tarmo,
ìpínrọ̀ mẹ́rin gbáko.
Tarmo rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó jọ ti Tallinn."

Urve tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní èbúté kò rẹ́rìn-ín.
"Wá jókòó lẹ́yìn fèrèsé mi lọ́la.
Má sọ̀rọ̀. Ṣáà máa wò."

Endel wọlé, apẹja, ẹni ọgọ́rin ọdún,
ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ ti bá okùn àwọ̀n lọ tipẹ́,
fóònù rẹ̀ sán láti igun dé igun.
Ìyàwó rẹ̀ wà nílé ìwòsàn lódìkejì omi.
Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbé ti ilé wá:
ṣé ọkọ̀ ń lọ lónìí?

Ó ṣí ìkànnì mi.
Òrùka kékeré ń yí, ó ń yí,
ó ń wá òkun mi bọ̀ ní ẹ̀kán ẹ̀kán,
òkun gidi sì ń bú lẹ́yìn fèrèsé,
kò bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan dá májẹ̀mú.
Ó na fóònù jìnnà, ó fà á mọ́ra,
lẹ́tà mi ti wọ inú ìkùukùu.
Bọ́tìnnì mi kò ju ojú eṣinṣin lọ;
àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ "Ìtàn Wa". Ó tún tẹ "Ìtàn Wa".
Kò bú mi. Ara rẹ̀ ló dá lẹ́bi:
"Orí mi ti gbó fún nǹkan wọ̀nyí."

Èébú ì bá sàn.

Lóru ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọmọ tí mo bí.
Fídíò lọ. Àwọ̀ eérú lọ.
Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kì í kún agbọ̀n,
àmọ́ ó ń kún fóònù;
mo kó ti Tarmo lọ sí yàrá ẹ̀yìn,
kí ẹni tó bá ráyè lọ kí i níbẹ̀.
Ó bínú. Ó ní ojú ewé ti ṣófo jù.
Mo ní, ta ní í to àga dí ẹnu ọ̀nà
tí ó sì ń retí àlejò?

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kan lẹ ó kọ́kọ́ bá,
dúdú kirikiri, ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́:
Ọkọ̀ ń lọ. Tàbí: Ọkọ̀ kò lọ.
Lábẹ́ rẹ̀, aago tí èyí tó kàn yóò gbéra,
àti bọ́tìnnì tó gba àtàǹpàkò tòun ti ìbọ̀wọ́.
Nítorí Maimu tó ń fi etí kàwé,
mo fún àwòrán kọ̀ọ̀kan ní ẹnu.
Iṣẹ́ kò tíì parí o:
lórí fóònù àtijọ́, ọ̀nà àbọ̀ ṣì ń ṣìnà.

Urve ní Endel wò ó láàárọ̀ àná,
kò pẹ́ ju kéèyàn sín lẹ́ẹ̀kan lọ.
Kò yìn mí. Kò mọ̀ pé ẹnìkan ló ṣe é.
Ó di búrẹ́dì dúdú sínú aṣọ,
ó tilẹ̀kùn,
ó mú ọ̀nà èbúté pọ̀n.