Ẹni Tó Kan Àjà Yìí

Ẹni tó kan àjà yìí kò mọṣẹ́.
Ìṣó mẹ́tàdínlógójì ni mo kà lókè bẹ́ẹ̀dì mi,
mẹ́sàn-án nínú wọn ló ti tẹ̀ kí wọ́n tó wọlé.
Pákó kan ń sọ̀ kalẹ̀ ní igun,
ó ń dúró de òjò kan ṣoṣo.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi wo àjà láti òkè.
N kò mọ̀ pé báyìí ló ṣe ń rí
fún ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Ilé kan ni, ní Arówómọlé.
Ikán ti jẹ inú igi náà tán, ó ku èèpo.
Mo gbé ẹsẹ̀ lé e bí mo ṣe ń gbé e lé igi lójoojúmọ́.
Igi dá.
Nígbà tí mo lajú, mo rí ẹsẹ̀ méjì nínú iyẹ̀pẹ̀
tó wọ sálúbàtà mi.
Mo ní, "Ta ló ni ìwọ̀nyí?"

Ìyá mi ní ayé ni.
Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n gbé mi lọ sórí òkè àdúrà.
Mo ní ikán ni.
Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ti ikán.

Ní wákàtí méjì méjì, wọ́n á yí mi padà
bí ẹni ń yí àgbàdo lórí ẹyín iná,
kí egbò má baà ríbi jókòó sí ní ìdí mi.
Àwẹ̀ró kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi rọ́bà fa ìtọ̀.
Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fi apá bo ojú.
Ó ní, "Kí lo ń bò? Ṣé mi ò rí i rí ni?"
A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo sunkún,
ó sì ṣe bí ẹni pé aṣọ ló ń ká.

Lóṣù kejì, ẹsẹ̀ òsì ta sókè fúnra rẹ̀
lábẹ́ aṣọ, bí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n da igbá bò.
Ìyá mi ké Halelúyà,
àwọn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì òdìkejì dìde jókòó.
Ọ̀gbẹ́ni Oyèlàdé, tó máa ń nà mí lẹ́sẹ̀, rọra ní
iṣan ló ń dá sọ̀rọ̀,
ìròyìn rẹ̀ kò dé orí.
Mo wo ojú ìyá mi bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó wà lórí àkàsọ̀.
Inú bí mi sí ẹsẹ̀ yẹn. Ẹlẹ́tàn.

Lóru, mo ń gun òrùlé. Gbogbo èyí tí mo kàn rí,
ti Tákíé, ti Ìsàlẹ̀ Àfọ́n,
ti ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tí wọn ò tíì sanwó rẹ̀ tán.
Páànù á gbóná lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi.
Ilẹ̀ á mọ́.

Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ dé. Orúkọ rẹ̀ ni n kò fẹ́ gbọ́.
Kẹ̀kẹ́ arọ, gbogbo ayé, kẹ̀kẹ́ arọ.
Àlàní, ọmọ mi, ọmọ ọdún márùn-ún,
yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Àga tó ń lọ."
Mo gba tirẹ̀.

Oṣù kẹrin, a délé ní Òkè Àdó.
Èmi ni mo mọ ìloro yẹn ga,
àtẹ̀gùn mẹ́ta, kí àgbàrá má wọlé.
Àgbàrá ò wọlé rí.
Èmi náà ò sì lè wọlé.

Sàláwù, ọmọṣẹ́ mi, ti kan pákó sí i sílẹ̀
kí n bá a níbẹ̀, kí orí mi wú.
Pákó náà nàró bí ẹni tó ń bínú.
Wọ́n tì mí, a dé àárín, àga yọ̀ padà,
a já sí ojúde, èmi àti ọkùnrin méjì,
adìẹ fọ́n ká. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
"Sàláwù, ẹsẹ̀ bàtà mélòó lo fún un?"
"Mẹ́fà, ọ̀gá."
"Méjìdínlógún. Tú u.
Ìṣó yẹn ti tẹ̀, fà á yọ, má lù ú pa síbẹ̀.
Gbé téèpù wá."
Ó gbé e wá, ó fi ẹnu rẹ̀ há mi lọ́wọ́,
ó ń fà á lọ sẹ́yìn, sẹ́yìn,
títí dé ibi tí oòrùn wà.