Àpòòwé Ìdámẹ́wàá

Èmi ni mo ń tẹ àpòòwé náà, ní Ṣómólú,
ẹgbẹ̀rún kan lóṣù, àgbélébùú aláwọ̀ ewé lókè.
Ọdún mọ́kànlá,
n kò dá tèmi padà lófìfo rí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá wọ́n fi jẹnẹrétọ̀ kẹta han ìjọ.
A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pa tèmi.
Lẹ́yìn ìsìn mo bá Bàbá Adéṣígbìn lẹ́yìnkùlé,
ẹni tó ti ń gbálẹ̀ ibẹ̀ láti ìgbà àtíbàbà.
Ó ń fi abẹ gé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sí méjì,
kó lè tó o dópin oṣù.
Oṣù wo? Oṣù mẹ́rin ni wọn kò tíì sanwó fún un.
Ẹ̀rọ ń mu epo yó,
ẹni tó ń nù ún ń lo ààbọ̀ oògùn.

Mo bi alága ìgbìmọ̀.
Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà sí i."
Mo gbàdúrà sí i;
ẹsẹ̀ mi yà sọ́dọ̀ olóògùn ní Ṣípéolú.

Àpòòwé mi ṣì dénú agbọ̀n.
Rìsíìtì ló wà níbẹ̀, mo kọ iye rẹ̀ síwájú.
Akápò ìjọ kò tíì kí mi títí dòní.