Bóòtì Mẹ́fà

Òòlù kékeré kan ni bàbá mi máa ń mú rìn
láti Ẹ̀búté-Mẹ́ta dé ẹ̀yìn Muṣin,
kí àwọn ará Ìdí-Òro tó pàtẹ ọjà sórí irin.
Á lu irin lẹ́ẹ̀kan, á dẹtí sí i.
Èyí tó bá yè kooro a máa dún gooro.
Èyí tó bá ti sán nínú, ìró arúgbó tó ń wúkọ́ ni.

Ó máa ń wí pé:
ọkọ̀ ojú irin kì í ṣubú lọ́jọ́ tó ṣubú.
Ó ti ń ṣubú láti ìgbà tí ọ̀gá kan ti rí sílípà tó jẹrà
tó ní kó di oṣù tó ń bọ̀,
láti ìgbà tí òjò ti ń fa òkúta abẹ́ rẹ̀ lọ sínú gọ́tà,
láti ìgbà tí wọ́n kọ ogójì tọ́ọ̀nù sínú ìwé
tí wọ́n sì di àádọ́ta rù ú.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Mi ò gbọ́ ìyẹn.
Ohun tí mo gbọ́ ni pé Gàníyù onírin-àlòkù
ń fi òṣùwọ̀n ra irin, kì í béèrè ibi tó ti wá.
Bàtà ilé ìwé mi ti lanu.
Ibà sì dá bàbá mi dúbúlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn;
wọn ò rán ẹlòmíràn.
Sípánà rẹ̀ wà lábẹ́ ibùsùn tó ń làágùn lé lórí.

Bóòtì mẹ́fà. Mo kà wọ́n.
Wọ́n wúwo nínú báàgì mi ju ìwé lọ.
Owó tí Gàníyù fún mi kò lè ra okùn bàtà.
Mo fi ra búrẹ́dì, mo jẹ ẹ́ nídìí ògiri.

Ọjọ́ kẹrin. Òru. Òjò.
Ọkọ̀ ẹrù ń ti Àpápá bọ̀, àlìkámà ló rù.
Orí rẹ̀ kọjá. Wágùnù kìíní kọjá, ìkejì kọjá.
Ìkẹta ní òun ò lọ mọ́.
Kò dún bí ààrá. Ó dà bí ẹni
tó ń wọ́ àpótí irin kọjá nínú yàrá, tí kò tán,
tí kò tán.

Ilẹ̀ mọ́, wágùnù méje sùn sílẹ̀ bí màlúù tó jẹ májèlé.
Àwọn èèyàn ń fi báàfù, fi fìlà bu àlìkámà.
Lábẹ́ ìkẹrin ni wọ́n ti rí ẹ̀rọ ìránṣọ Bísíríyù,
ṣòkòtò ẹnìkan ṣì wà lẹ́nu abẹ́rẹ́.
Bísíríyù fúnra rẹ̀, ó di ọjọ́ kejì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkọ̀ kankan ò kọjá. Búrẹ́dì gbówó lórí.
Àlìkámà tó rin hù láàárín òkúta,
ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí dé tàwọn ti bàtà róbà.
Wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òjò ni.
Wọ́n dá Ògúnṣínà awakọ̀ dúró, wọ́n ló sáré.
Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ òṣùwọ̀n Àpápá.
Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ lẹ́tà mẹ́ta tí bàbá mi kọ nítorí sílípà.

Òun náà wà níbẹ̀, ibà ò tíì tán lójú rẹ̀.
Mo rí i tó bẹ̀rẹ̀, tó ń ki ìka bọ inú ihò tó ṣófo,
ení, èjì, títí dé ẹ̀fà.
Ó wo bàtà mi.
Lálẹ́, ó gbé sípánà kọ́ sórí ìṣó
níbi tí ọwọ́ mi ò lè tó.
Títí ó fi kú, kò bi mí.

Agége ni mò ń gbé báyìí, ojú irin ò jìnnà.
Bí ọkọ̀ ẹrù bá ń kọjá lóru, mo máa ń kà á:
orí, ọ̀kan, èjì.
Ìyàwó mi a máa fọwọ́ kàn mí nínú òkùnkùn:
"Kí ló dé? O ò mí."