Àkọlé Ara Páálí

Páálí mọ́kàndínlógójì ni mo kà lọ́jọ́ Túsìdeè.
Òjò ti ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ lé ọkọ̀ náà wọ Oǹdó,
dẹ́rẹ́bà ń nu ojú, ó ní, "Fọwọ́ sí i, mo fẹ́ padà."
Mo fọwọ́ sí i.
Àkọlé wà lára wọn, lẹ́tà dúdú minimini:
oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún.
Mẹ́rin tó kù, ti aboyún ni.

N ò ní ba orúkọ ẹni tó fi wọ́n ránṣẹ́ jẹ́.
Mo mọ ọdún tí èéyi wọ Odòjọmu,
tí káfíńtà kì í wọn pósí mọ́,
ó ti há ìwọ̀n ọmọdé sórí.
Lónìí, àga ilé-ìwé ló ń kàn.

Ṣùgbọ́n Màmá Títíloyè ti wà lórí bẹ́ńṣì láti aago méje,
ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì tó já sómi,
ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjì, sùn lé e láyà.
A wọn ọmọ. A fún un lóògùn,
a fún un ní nẹ́ẹ̀tì, a fún un ní ẹ̀pà lílọ̀ inú ọ̀rá.
Ìyá ní, "Èmi ńkọ́?"
Mo wé okùn mọ́ ọn lápá: igba ó lé mẹ́rìnlá.
Mo tún un wé. Ẹ̀rọ kò yí ohùn padà.
Mo kọ orúkọ oògùn sórí bébà pélébé.
Ó ká a, ó so ó mọ́ ìdí ìró,
níbi tí owó ì bá wà.

Akíndípẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, dúró lẹ́nu ọ̀nà,
ọdún mẹ́rìnlá, ojú pọ́n bí ìyeyè,
egungun ń jẹ ẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.
Ó ka àkọlé, ó rẹ́rìn-ín:
"Bùọ̀dá, àìsàn tèmi ti dàgbà jù."

Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ.
Nínú yàrá oògùn tèmi, tirẹ̀ nìkan ló tó o.

Lóru mo máa ń ro ẹnì kan lókè òkun
tó mú rúlà, tó fa ìlà sábẹ́ ọdún márùn-ún,
tó pa iná ọ́fíìsì, tó lọ sílé.
Òun náà lè ní ìyá.
Bóyá owó iwájú rẹ̀ ni kò tó,
ó ní kí òun kọ́kọ́ gba ẹni tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ là.
Bí wọ́n bá gbé rúlà náà fún mi,
ibo ni ǹ bá fà á sí?

Oṣù kejì, ọjọ́ ìwọ̀n pé, wọn ò dé.
Ó kù díẹ̀ ká tilẹ̀kùn ni mo rí Akíndípẹ̀,
ó ń tiro bọ̀, ó pọn àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn.
"Màmá ńkọ́?"
"Wọ́n wà nílé. Apá òsì wọn ò gbéra mọ́.
Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún júwe ibí fún mi,
wọ́n ní káàdì ọmọ ò gbọdọ̀ yẹ̀."

Mo gbé ọmọ sórí ìwọ̀n. Ó ti sanra sí i.
Fọ́ọ̀mù ní: ọmọ mélòó? Aboyún mélòó?
Mo kọ ọ̀kan. Mo kọ òdo.
Bírò mi dúró létí bébà fúngbà díẹ̀,
àmọ́ kò sí ìlà níbẹ̀.
Ọmọ náà ń fa kọ́là mi, ó ń rẹ́rìn-ín.
Ọdún mẹ́ta ló kù fún un.